Ọdún Tí Mo Fi Wa Bọ́ọ̀sì Gáàsì

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀sì gáàsì jáde, èmi nìkan ni mo jókòó sínú rẹ̀ láti Òkè Baálẹ̀ títí dé Ìgbònà. Kì í ṣe pé kò sí èrò. Èrò kún ibùdókọ̀ bámúbámú: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbé báàgì kọ́ èjìká, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ìyá tó ń gbé ọjà lọ. Mo dúró, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo pe ibi tí mò ń lọ. Wọ́n wo bọ́ọ̀sì náà, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé gáàsì ló ń lò, wọ́n sì rọra ń fà sẹ́yìn bí ẹni tó pàdé ajá tí kò mọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló nígboyà láti sún mọ́ fèrèsé mi.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé gáàsì tí a fi ń dáná yẹn náà ni?"

"Òun náà ni, mà."

"O wá jókòó lé e lórí?"

"Abẹ́ bọ́ọ̀sì ni wọ́n dè é mọ́, mà. Irin tó nípọn ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé o ti níyàwó?"

Mo ní mo ti ní.

"Kí Ọlọ́run bá a ṣọ́ ọ," ó wí, ó sì lọ wọ kẹ̀kẹ́ márúwá.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín orí ètè lásán ni. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tó dá sílẹ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Múfútàù ni orúkọ mi. Òkè Baálẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ awakọ̀ ni mo sì fi tọ́ ọmọ. Bọ́ọ̀sì bẹ́ńtírò ni mo wà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Òṣogbo. Nígbà tí bẹ́ńtírò wá wọ́n gógó, tí owó tí à ń rí kò ká epo mọ́, ọ̀gá wa gbé àwọn ọkọ̀ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín táyà wọn. Ìgbà yẹn ló lọ ra àwọn bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé tí à ń sọ yìí. Wọn kì í ṣe tuntun pátápátá. Bẹ́ńtírò ni wọ́n ń mu níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n wá tú inú wọn, wọ́n tún un ṣe kí wọ́n lè máa mu gáàsì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀. Omi ni gáàsì tó wà nínú sílíńdà ìdáná. Wọ́n ti fi ipá kì í mọ́ra títí ó fi di omi ni. Tí ẹ bá mi sílíńdà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń dà síwá dà sẹ́yìn. Tó bá ti jáde síta, ó di afẹ́fẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì wa, omi gáàsì yìí á kúrò nínú táǹkì, á gba inú rọ́bà kan lọ sínú ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí ẹ̀rọ kékeré náà ká, ooru rẹ̀ ló sì ń sọ gáàsì di afẹ́fẹ́ tó ṣeé lò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bẹ́ńtírò díẹ̀ la fi ń ta ọkọ̀ náà jí láàárọ̀. Tí ara rẹ̀ bá ti gbóná, awakọ̀ á tẹ bọ́tìnnì kan, ó di gáàsì. Ẹni tó bá kánjú tẹ̀ ẹ́ nígbà ọyẹ́ ló ń rí ìjà rẹ̀. Mo kánjú tẹ̀ ẹ́ rí. Bọ́ọ̀sì kú mọ́ mi lọ́wọ́ níwájú ilé ìwé kan, mo ṣí iwájú rẹ̀, yìnyín ti bo ẹ̀rọ náà funfun báláú. Ọmọ ilé ìwé kan bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá áísìkirîmù ni mò ń tà.

Ẹni tó kọ́ wa ní gbogbo rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Ògúndélé, àgbà mẹkáníìkì ilé iṣẹ́ wa. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó sì ń bọ Ògún tọkàntọkàn. Kò ní fọwọ́ kan irin iṣẹ́ láàárọ̀ láìkí Ògún, àwa mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ tó wà níbẹ̀ á sì dúró jẹ́ẹ́ títí yóò fi kí i tán. Ó ṣàlàyé fún wa pé gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn kankan, pé àwọn tó ń ṣe é ló fi òórùn burúkú yẹn sínú rẹ̀ kí èèyàn lè tètè mọ̀ tó bá ń jò. Ó máa ń tú díẹ̀ síta ní gbangba ọgbà, á ní kí a máa gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí imú wa yóò fi mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Tí imú rẹ bá ti sọ fún ọ," ó máa ń wí, "má bá a jiyàn. Pa ẹ́ńjìnnì, sọ èrò kalẹ̀, ti fáàfù tó wà lẹ́nu táǹkì. Kí o sì rántí pé gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rá gbà bí omi. Má kó èèyàn lọ sí ìsàlẹ̀. Òkè ni kí o kó wọn lọ."

Ilé ni ẹ̀kọ́ tèmi ti le jù. Bọ́sẹ̀ ìyàwó mi, ọmọ Iléṣà, ọmọ ilé onígbàgbọ́, aránṣọ ni. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́bìnrin, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan ló ń gbé. Gáàsì jò nínú ilé ìdáná wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Àǹtí náà jí, ó ṣáná sí i. Àwọn aládùúgbò gbé Bọ́sẹ̀ jáde. Àǹtí rẹ̀ kò rí ẹni gbé e jáde. Àpá iná náà wà lára ìyàwó mi láti èjìká dé ìgúnpá. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, gáàsì kò wọ ilé wa ní Ìgbònà. Èédú la fi ń dáná, n kò sì bi í rí pé kí ló dé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yàn mí láti wa bọ́ọ̀sì gáàsì, àgbàlá ló ń gbá nígbà tí mo sọ fún un. Mo ti múra de ariwo. Kò pariwo. Ó ń gbá ibì kan náà lọ ni, ó gbá a títí ilẹ̀ fi ń dán.

"Ṣé kò sí ọkọ̀ mìíràn tí ẹ lè wà?"

"Gbogbo wọn ni wọ́n ti gbé sílẹ̀. Àfi èyí, àbí kí n máa jókòó sílé."

"Ẹ máa jókòó sílé."

"Bọ́sẹ̀, Àjọkẹ́ ńkọ́? Ilé ìwé ọmọ yẹn ńkọ́?"

Ó fi ìgbálẹ̀ ti ara ògiri. "Bàbá Àjọkẹ́, ẹ ṣèlérí kan fún mi. Tí ẹ bá ti gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ má ṣe máa wò ó pé bóyá òun ni, bóyá òun kọ́. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀."

Mo ṣèlérí. Láti ọjọ́ náà lọ, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, Bọ́sẹ̀ á pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, á gbé imú rẹ̀ lé èjìká mi, á gbọ́ òórùn aṣọ mi kó tó kí mi káàbọ̀. Àwọn tí a jọ háyà ilé á máa fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá Àjọkẹ́, ọkọ ni o, kì í ṣe ẹja yíyan." Èmi á dúró jẹ́ẹ́ kó gbọ́ ọ tán. Ní tòótọ́, nígbà tó yá, tí mo bá ti ń sún mọ́ ilé, ohun tí mò ń retí nìyẹn.

Díẹ̀díẹ̀ ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì wa. Àwọn tíṣà ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, nítorí wọn kò lè pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ẹ̀yìn wọn ni ọ̀wọ́n epo dé, tí àwọn ọkọ̀ yòókù tò sí ilé epo bí òkú, tí tiwa sì ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n rí i pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í han létí, pé kì í tú èéfín sí wọn lára. Àwọn tó ti sọ ọ́ ní Bọ́ǹbù nígbà àkọ́kọ́ ni wọ́n tún sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ọ̀gá wa fẹ iṣẹ́ náà lójú, ó ní kí díẹ̀ nínú wa máa ná Iléṣà.

Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Tó bá fẹ́ lọ kí bàbá rẹ̀ ní Iléṣà, tákísí ló ń wọ̀. Nígbà mìíràn n óò bá tákísí náà lójú ọ̀nà, n óò rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ láàárín èrò tí wọ́n há mọ́ra, n óò fun fèrè. Á yọ ọwọ́ jáde, á jù ú sí mi, èmi náà á ju tèmi. Bí a ṣe ń rin ìrìn àjò pọ̀ nìyẹn, kálukú nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fi fóònù pè é pé bàbá rẹ̀ ṣubú, pé ó wà ní ọsibítù. Ọ̀wọ́n epo tún wà lóde; kò sí tákísí kan ní gáréèjì. Bọ́ọ̀sì mi ti kún, mo ti fẹ́ gbéra, nígbà tí mo rí i tó dúró síwájú ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì pẹ̀lú báàgì kékeré lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀.

"Madam, ẹ wọlé ká máa lọ jàre," ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn.

Mo dìde kúrò níwájú, mo na ọwọ́ sí i. Ó dì í mú, ó wọlé. Mo bẹ ọ̀dọ́kùnrin tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn mi pé kó bá mi fi àyè náà sílẹ̀ fún ìyàwó mi, ó sì dìde. A gbéra. Mò ń wò ó nínú díńgí. Ó di irin ẹ̀yìn ìjókòó mi mú, ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì. Mo mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà.

A ti rìn jìnnà, a ń gun òkè kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Iléṣà mọ́, nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ẹ̀yìn etí mi.

"Bàbá Àjọkẹ́, ẹ dúró."

"Kí ló dé?"

"Mo gbọ́ ọ."

Mo fa imú. N kò gbọ́ nǹkan kan. Fèrèsé mi wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé lù mí lójú. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹ̀rù ló ń ṣe é, pé òórùn tó ti wà nínú orí rẹ̀ láti ọjọ́ iná yẹn wá ló ń gbọ́. Mo gbójú sókè sí díńgí. Mo mọ ojú Bọ́sẹ̀ tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ojú tí mo rí kì í ṣe òun. Ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wò mí.

Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo pa iná ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe dáwọ́ dúró báyìí ni òórùn náà gba imú mi.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wéréwéré. Ẹ má fọwọ́ kan fóònù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáná. Òkè ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ má gba ìsàlẹ̀."

Bọ́sẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn. Ó ń fa àwọn ìyá arúgbó lọ́wọ́, ó ń tì wọ́n sí ọ̀nà òkè. Èmi wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì. Rọ́bà tó ń gbé gáàsì kúrò nínú táǹkì ti ń fi ara ra irin, irin sì ti jẹ ẹ́ dé inú. Gáàsì ń ké ṣììì, ó funfun bí ìkùukùu, ó ń rá gba inú gọ́tà lọ sí ìsàlẹ̀ òkè gẹ́lẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n Ògúndélé ṣe sọ. Mo tẹ̀lé e pẹ̀lú ojú. Ní ìsàlẹ̀ yẹn, lẹ́bàá gọ́tà náà, obìnrin kan jókòó sábẹ́ agbòjò, ó ń sun àgbàdo. Èédú rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀.

Mo pariwo. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn èrò tó ń ju ọwọ́, ó sì gbé àgbàdo méjì sókè sí wa. Ó rò pé oníbàárà ni.

Fáàfù náà tutù débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kò sì fẹ́ yí. N kò lè fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe ń bá a jìjàkadì ni mo rí ẹsẹ̀ ẹnì kan tó sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, tó dorí kọ ìsàlẹ̀. Mo mọ bàtà náà.

"Bọ́sẹ̀! Òkè! Padà sókè!"

Kò dá mi lóhùn. Ó sọdá sí òdìkejì títì, ó gba ibẹ̀ sáré lọ títí ó fi kọjá obìnrin náà, ó tún sọdá padà sí i. Mo rí i tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, tó sì da gbogbo rẹ̀ sórí èédú. Èéfín omi rú tùù, n kò rí àwọn méjèèjì mọ́. Mo fi gbogbo ara mi yí fáàfù yẹn. Ó yí. Ariwo ṣììì náà dákẹ́.

Mo wọ́ jáde lábẹ́ bọ́ọ̀sì. N kò rántí bí mo ṣe débẹ̀. Ó ti fa obìnrin alágbàdo náà kúrò létí gọ́tà lọ sórí ebè kan nínú oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dì í mú gbágbáágbá, obìnrin náà sì ń bú u pé wèrè ni, pé ó ti ba ọjà òun jẹ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó wo gọ́tà, ó wo Bọ́sẹ̀, ó sì jókòó lulẹ̀ pọ̀ọ́. Lẹ́yìn tí atẹ́gùn ti gbé gáàsì náà lọ tán, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n ra gbogbo àgbàdo rẹ̀, àti jíjinná àti tútù.

Mo jókòó ti ìyàwó mi lórí ebè.

"Ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?"

"Ó bà mí."

"Kí ló wá dé tó o fi sáré lọ sídìí iná?"

"Àǹtí mi kò rí ẹni sáré wá bá a," ó wí. Ó sunkún nígbà náà, mo sì jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn lára aṣọ iṣẹ́ mi.

Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan ló gbé e dé Iléṣà. Èmi dúró de Ẹ̀gbọ́n Ògúndélé. Nígbà tí mo fi dé ọsibítù, bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ohun gbogbo. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́lẹ̀, bàbá náà kì í bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbà mí ní àna, ó ń dá ìkíni mi lóhùn, ó parí. Lọ́jọ́ náà ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú ní ọwọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì pa àpá iná tó wà ní apá rẹ̀ bí ẹni ń pa ọmọ ọwọ́ lára.

"Múfútàù," ó ní, "nígbà tó sọ fún ọ, ìwọ náà gbọ́ òórùn náà ni?"

"Rárá, sà. N kò gbọ́ ọ."

"O sì dúró?"

"Mo dúró, sà."

Ó mi orí lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí oúnjẹ rẹ̀ dé, ó ní kí n wá bá òun jẹ ẹ́. Àwo kan náà la ti jọ jẹun.

Ẹ̀gbọ́n Ògúndélé kò jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kankan jáde títí ó fi yẹ gbogbo wọn wò. Ó bá rọ́bà mìíràn tí irin ti ń jẹ. Ilé iṣẹ́ wa pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí èyí tí wọ́n fi wáyà hun ara rẹ̀, wọ́n wé e, wọ́n gbé e jìnnà sí irin, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kan sábẹ́ ìjókòó tó máa ń dún tó bá gbọ́ òórùn. Àwọn bọ́ọ̀sì irú tiwa tí wọ́n kó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń sọ pé láti ilẹ̀ wá ni wọ́n ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un pé mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ògúndélé ló tún wá sílé wa, tó bẹ Bọ́sẹ̀ pé kó wá bá àwọn awakọ̀ tuntun sọ̀rọ̀. Ó kọ̀. Ẹ̀gbọ́n tún padà wá bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Bọ́sẹ̀ gbà, ó dúró síwájú wọn, ó ń yí etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ìka, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gùn. "Tí èrò kan bá sọ fún yín pé òun gbọ́ òórùn," ó ní, "ẹ má bi í bóyá ó dá a lójú. Ẹ kọ́kọ́ dúró ná." Títí di òní, àwọn awakọ̀ wa ń pè é ní Ìyá Ẹ Dúró Ná.

Ìgbà àwọn bọ́ọ̀sì wa ti ń lọ báyìí. Gáàsì tí kì í di omi làwọn tuntun ń lò, àwọn sílíńdà gígùn ló sì wà lórí wọn. Wọ́n dára, n kò lè purọ́ mọ́ wọn. Èyí tí mo wà ló kẹ́yìn àwọn tiwa lójú títì. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo gbé e lọ sí Iléṣà fún ìgbà ìkẹyìn, Bọ́sẹ̀ bá mi lọ. Ó fẹ́ lọ wo bàbá rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló jókòó sí. Mò ń rojọ́ fún un bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ, mò ń sọ pé ara mi kò tíì mọ àwọn tuntun yìí, pé wọ́n ga jù, pé n ò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò dáhùn. Mo pè é. Kò dáhùn.

Mo wo díńgí. Ó ti sùn lọ. Ó gbé orí ti fèrèsé, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀. A gun òkè náà, a sọ̀ ọ́, kò mọ̀. Nígbà tí a dé Iléṣà, mo fi ìka lé ètè, mo fi ojú bẹ àwọn èrò. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn, ọkùnrin kan tiẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yí ìjókòó mi sí i, n kò sì jí i.